Iná Tí Wọ́n Ní Kí N Lọ Kọ́

Jòsáyà Àjàyí Ọlátẹ́jú ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òwe ni mo ń pa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, katikíìsì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Bùọ̀dá Jòsáyà ni mò ń pè é. Mò ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mò ń kúnlẹ̀ kí i nírọ̀lẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó sì gbọ́.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń bi mí pé, báwo ni obìnrin ṣe di mánija iléeṣẹ́ iná láyé ìgbà náà. Wọ́n fẹ́ kí n sọ fún wọn pé ìlú rí ọgbọ́n orí mi, pé àwọn àgbà fọwọ́ sí i, pé gbogbo ìjọ gbàdúrà fún mi. Gbogbo ìjọ gbàdúrà lóòótọ́. Ohun tí wọ́n gbàdúrà fún gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, obìnrin òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ kékeré kan wọ kíláàsì wa lọ́jọ́ kan: irin tó ń fa irin mọ́ra, wáyà tí wọ́n wé, àti ọwọ́ tí a fi ń yí i. Ó ní kí n yí i. Mo yí i, gílóòbù kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì tàn. Kò sí epo níbẹ̀, kò sí òwú, kò sí èéfín. Agbára apá mi ló di ìmọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Ìlá, ohun tí mò ń rò ni irú ẹ̀rọ tó máa tó odindi ìlú, àti iye òpó tí wáyà máa gùn kó tó dé Òkè-Ìlá, kó tó dé Ìgbájọ láàárín òkè wọn.

Nígbà tí míṣọ́ọ̀nù wa ní àwọn máa rán ọmọbìnrin kan láti apá wa lọ kàwé ní Ìlú Ọba, orúkọ mi ni ó jáde. Àwọn àgbà ìjọ pè mí. Bàbá Ìjọ, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ni ó bi mí léèrè.

“Oyèníkẹ̀ẹ́, kí lo fẹ́ lọ kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó?”

“Iná ni, bàbá.”

“Iná.” Ó wo àwọn tó kù. “Iná wo ló wà lọ́hùn-ún tí kò sí nínú ààrò ìyá rẹ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ní, “Ó lè jẹ́ iná orí ni, bàbá. Wọ́n ní irun wọn gùn.”

Èdè wa ló dá a sílẹ̀. Iná kan náà ni a ń pe èyí tó ń jó igi, èyí tó ń tàn nínú àtùpà, èyí tó ń rìn nínú irun ọmọ tí wọn kò wẹ̀, àti èyí tó ń gba inú wáyà kọjá. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé, ni Bùọ̀dá Jòsáyà bá dìde.

“Ẹ̀yin bàbá mi,” ó ní, “ta ló ni iná nínú ayé tí a wà yìí? Ṣé ọkùnrin ni? Obìnrin ló ni iná. Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ iná, kó wá fi ṣe ìlú lóore.”

Wọ́n ṣe àmín. Mo rò pé ó fi ọgbọ́n gbè mí lẹ́yìn ni. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Òun ló lọ bá àlùfáà òyìnbó sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú, òun ló bá wọn yan ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo bi í bí ibẹ̀ ti rí, ó ní, “Iná ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́.”

Kò purọ́.

Lórí omi

Ìyá mi di orúnlá fún mi sínú àpò mẹ́ta, bí ẹni pé mo ń lọ síbi tí ẹnu á ti máa gbẹ. Èmi kò fẹ́ gbé e. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo dúpẹ́ nígbẹ̀yìn.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wọ kóòtù òyìnbó sọ́rùn ló ń lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ máa gbẹjọ́ rò fún tí gbogbo wa bá di lọ́yà tán. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń fi ìtayín ta eyín ní gbogbo ìgbà, jókòó tì mí nídìí tábìlì.

“Sisí, kí lẹ̀ ń lọ kọ́?”

“Iná.”

Ó mi orí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ó tètè rí ọkọ fẹ́.”

Mo rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọkọ̀ ti dé èbúté kí n tó mọ̀ pé òun náà rò pé ìdáná ni mo sọ.

Oúnjẹ inú ọkọ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn, nítorí kò ní ohunkóhun lọ́rùn. Ẹran wà, ọ̀dùnkún òyìnbó wà, ewé kan wà tí wọ́n sè títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi wọ inú omi, wọ́n wá da omi náà nù, wọ́n gbé ewé fún wa. Àwọn lọ́yà ọjọ́ iwájú ń fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ó dùn.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó bi mí ọmọ ta ni mí. Ní Ìlá, bí àjèjì bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó tó gbé ẹrù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ti mọ agbo ilé ìyá rẹ̀. Níbí, ènìyàn ń kọjá lára mi bí ìgbà tí wọ́n ń kọjá lára òpó. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà bí ìgbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tó lómi nínú. Ọkùnrin tó fẹ́ bá mi gbé àpótí wò mí, ó ní, “Gbé e wá, olólùfẹ́ mi.”

Mo fa àpótí mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń pè ní olólùfẹ́ ní apá àríwá Ìlú Ọba, títí dé ìyá àgbà tó ń ta ìwé ìròyìn, àti pé ìfẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ iná

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ Mísì Háwọ́dù, obìnrin gíga, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ náà mọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní inú òun dùn, ó sì mú mi lọ wo ibi tí mo ti máa kọ́ iṣẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Sítóòfù ni mo rí, ìlà sítóòfù tí ojú kò lè tètè ká, gbogbo wọn funfun, épúrọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Èyí ni tìẹ,” ó ní.

Mo wò ó. Mo ní, “Mísì, níbo ni ẹ̀rọ iná wà?”

Ó nawọ́ sí sítóòfù. “Òun nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ló ń lo iná mànàmáná. Titun ni wọ́n.”

“Ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná náà ni mò ń wí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ràn ọmọdé. “Ìyẹn kò kàn wá níbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àlùfáà. Bí o bá ti gbàwé-ẹ̀rí, ìwọ lo máa ṣe olórí ilé ìdáná ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin, níbi tí òun ti máa jẹ́ mánija. O ṣoríire láti ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà náà, ẹ má fojú kékeré wo mánija ilé-ìwé. Mánija ló ń gba tíṣà síṣẹ́, òun ló ń lé wọn. Bí mánija bá ń bọ̀, hẹdimásítà á ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Míṣọ́ọ̀nù ní bí Ìlá bá lè ní obìnrin kan tó mọ ìdáná òyìnbó, àwọn máa dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ilé-ìwé á fẹ́ mánija. Bùọ̀dá mi wò yíká, ó rí i pé obìnrin kan ló kù, ó sì rántí pé òun ní àbúrò.

N kò sunkún níwájú Mísì Háwọ́dù. Mo so épúrọ́ọ̀nù mọ́ ìdí.

Ilé Misis Púrátì

Wọ́n fi mí wọ̀ sọ́dọ̀ tọkọtaya kan, Misis Púrátì àti ọkọ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ba Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ba ajá sọ̀rọ̀, nítorí náà mi ò lè mọ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún mi àti ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ni mò ń wò. Ojú wọn náà kì í sọ púpọ̀.

Misis Púrátì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oyèníkẹ̀ẹ́ kò ṣeé pè fún un, ó sọ ọ́ di Nííkì. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ó ti ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, “Ó mọ́ tónítóní o, o ò lè gbà gbọ́,” ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyìn ni. Ọmọ aládùúgbò náà fi ìka ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti wò ó bóyá dúdú rẹ̀ á ṣí. Kò ṣí. Ó wo ìka rẹ̀ pẹ̀lú ìjákulẹ̀.

Bí a bá kí wọn níbẹ̀, ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn. “Òjò ń rọ̀.” “Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rọ̀.” Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkan léèrè ìyá rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo bi Misis Púrátì pé ara ìyá rẹ̀ ńkọ́, ara àbúrò rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n sùn dáadáa. Ó fi tíì sílẹ̀, ó jókòó. “Kí lo gbọ́?” ó ní.

Nínú yàrá mi, àpótí irin kan wà lára ògiri tó ń jẹ ṣílè kó tó fún mi níná. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán nígbà tí mò ń kàwé, ó máa ń pa mí sínú òkùnkùn láìkìlọ̀. Mo bá a ṣọ̀rẹ́. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ tí mo wá kọ́.

Ní ọjọ́ kan mo se orúnlá ìyá mi fún wọn. Mísítà Púrátì gbé síbí sókè, ó wo bí ọbẹ̀ ṣe tẹ̀ lé e.

“Kí ló dé tó ń fà?”

“Ẹ̀rí pé ó dára nìyẹn, sà.”

Ó gbé e mì. Ó ronú. “Ó yàtọ̀,” ó ní. Mo rò pé ó yìn mí ni, mo tún bù sí i fún un. Ó jẹ èyí náà tán, nítorí pé àwọn ènìyàn náà lè kú kí wọ́n tó sọ pé oúnjẹ kò wù wọ́n. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé “ó yàtọ̀” ni ọ̀nà tí òyìnbó fi ń sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí i.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é

Ọlọ́run kì í sùn. Mísítà Púrátì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀rọ iná ìlú náà. Láti fèrèsé kíláàsì ìdáná wa, mò ń rí àwọn ilé gogoro rẹ̀, tí wọ́n rí bí ìkòkò ńlá tí ẹnìkan gbàgbé láti dé, ooru ń ti inú wọn jáde tọ̀sán tòru. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ wò ó.

“Obìnrin kì í wọ ibẹ̀,” ó ní, “àfi ẹni tó ń gbé tíì.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo gba oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, mo gbé e dé ẹnu géètì. Wọ́n wo abọ́ ọwọ́ mi, wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Báyìí ni mo ṣe wọ ilé-ẹ̀rọ iná nígbà àkọ́kọ́ láyé mi, pẹ̀lú ẹran yíyan lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Bùọ̀dá Jòsáyà ṣe fẹ́.

N kò lè sọ bí ariwo àwọn ẹ̀rọ náà ti rí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Èédú ń rìn lórí bẹ́líìtì gígùn lọ sínú iná, omi ń di ooru, ooru ń yí irin tó tóbi ju ilé wa lọ, ìyẹn náà ni ọwọ́ tí mo yí ní kíláàsì, tó wá dàgbà. Mísítà Púrátì mú mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń darí gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀pá kéékèèké ń gbọ̀n lójú àwọn nǹkan tó dà bí aago, àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ń wò wọ́n.

“Ohun tí ènìyàn kò mọ̀ nìyí,” ó ní. “A kì í fi iná pamọ́. Bí a ti ń ṣe é ni wọ́n ń lò ó. Bí ìlú bá fẹ́ púpọ̀ lójijì, a gbọ́dọ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Bí a bá pẹ́, gbogbo rẹ̀ á ṣubú.”

Kò dà bí iṣu tí à ń kó sínú abà. Mo ronú sí i. Mo wo ìta, òjò ń rọ̀.

“Wọ́n á tètè jẹun lónìí,” mo ní.

“Àwọn wo?”

“Gbogbo ìlú. Kò sẹ́ni tó máa rìn káàkiri lẹ́yìn ìsìn nínú òjò yìí. Ẹran ti wà nínú sítóòfù. Púdìǹ tí wọ́n ń yan ló kù, òun ló sì ń fẹ́ iná tó le jù. Wọ́n á tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìsinsìnyí.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ọ̀pá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n dìde, wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń yí èyí, wọ́n ń tẹ tọ̀hún, títí tí ó fi dúró. Mísítà Púrátì nu ojú rẹ̀.

“Ìyàwó mi ti ń sọ ọ́ fún mi láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ,” ó ní. “Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni.”

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo bínú pẹ̀lú. Ìdáná tí Bùọ̀dá Jòsáyà fi tàn mí ló ràn mí lọ́wọ́, ẹni tó tàn mí jẹ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre.

Nínú fèrèsé

Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún ìlú náà ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, níbi tí wọ́n ti ń ta sítóòfù. Wọ́n ń wá obìnrin tó máa dúró níbẹ̀ láti fi han àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná dáná. Mísítà Púrátì dárúkọ mi. Mo gba ìwé-ẹ̀rí ìdáná mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísì Háwọ́dù, mo kọ̀wé sí míṣọ́ọ̀nù pé mi ò ní tíì padà bọ̀, mo sì wọ inú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, nítorí inú fèrèsé ni sítóòfù wà, kí ará ìta lè máa wò ó.

Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń tò síta nínú òtútù, wọ́n ń wo obìnrin dúdú tó ń yan kéèkì. Lẹ́yìn náà ojú á tì wọ́n, wọ́n á wọlé, wọ́n á ra sítóòfù. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ kò gbójú sókè. “Ìránṣọ wà ní yàrá kejì, olólùfẹ́ mi.”

“Iná mànàmáná ni mo wá kọ́.”

Nígbà náà ni ó gbójú sókè. Kò rí òfin tó ní kí n má wọlé, nítorí pé kò sẹ́ni tó ronú pé a máa nílò rẹ̀. Mo jókòó láàárín àwọn ọkùnrin tí ara wọn ń rùn fún epo, mo sì yege, mo tún yege. Nígbà tí ó yá, ọ̀gá àwọn tó ń pín iná mú mi kúrò nínú fèrèsé, ó gbé mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ènìyàn rò pé iṣẹ́ mánija iná ni títan iná. Pípa á ni. Nígbà òtútù, tí agbára kò bá tó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ yan àdúgbò tó máa wà lókùnkùn kí gbogbo ìlú má baà ṣókùnkùn pọ̀. Àwọn tí a pa tiwọn á pè wá lórí fóònù, wọ́n á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu,” lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á wá bú wa débi ìran baba wa.

Ìgbà náà ni Kọ́ńfọ́ọ̀tì dé, ọmọ Ìgbájọ tó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá kí mi. Kò jókòó dáadáa, ó ń wo yàrá mi káàkiri.

“Sisí, ẹ má bínú,” ó ní. “Ṣé ibí yìí nìkan lẹ̀ ń gbé?”

“Ibí yìí ni. Kí ló dé?”

“Wọ́n ti yọ orúkọ yín kúrò nínú àdúrà ọjọ́ Ìsinmi. Bùọ̀dá yín dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹ ti kọ iṣẹ́ tí ìlú rán yín. Ó ní ẹ ti di ẹni tó ń dúró nínú fèrèsé nílùú òyìnbó kí àwọn ènìyàn ìta máa wò yín.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọkùnrin yìí. Lẹ́ẹ̀kan sí i, kò purọ́.

“Màmá mi ńkọ́?”

“Àwọn ìyá ìjọ kì í jókòó tì wọ́n mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni màmá yín ń jókòó sí.” Ó wo ilẹ̀. “Wọ́n ní kí n bi yín léèrè, tí mo bá rí yín: ṣé aṣọ wà lọ́rùn yín nínú fèrèsé náà?”

“Sọ fún wọn pé épúrọ́ọ̀nù ni,” mo ní. “Sọ fún wọn pé apá rẹ̀ gùn.”

Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá mi kó tó kú. Láti ọjọ́ náà, ìrìn-àjò mi ní ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá lẹ́yìn iná. Mo fẹ́ kí Jòsáyà Ọlátẹ́jú dìde níwájú àwọn tó ṣe àmín, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe sí mi àti sí ìyá mi. N kò béèrè ju ìyẹn lọ.

Ilé

Mo padà wálé nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ pé òmìnira ò ní pẹ́ dé. Iléeṣẹ́ iná gbà mí síṣẹ́ ní ìlú ńlá kan tó ní ilé-ẹ̀rọ, lábẹ́ òyìnbó kan tí ara rẹ̀ kò le. Gbogbo ìgbà tó bá lọ sinmi ní ìlú rẹ̀, èmi ni mò ń jókòó sí àga rẹ̀, àwọn akọ̀wé sì ń pè mí ní mánija, lákọ̀ọ́kọ́ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tó yá nítorí pé ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Orí àga náà ni mo wà nígbà tí àwọn àgbà Ìlá dé. Gbogbo ìlú ló ń rán àwọn àgbà wọn wá béèrè iná nígbà náà. Bàbá Ìjọ ló ṣáájú, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ẹmu Ìlá wà nínú agbè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Bùọ̀dá Jòsáyà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ti rù. Míṣọ́ọ̀nù ti gbé ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin náà lọ sí ìlú mìíràn, nígbà tí wọn kò rí obìnrin tó mọ ìdáná. Kò di mánija ohunkóhun.

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Mo kúnlẹ̀ kí òun náà. Mo ní kí wọ́n gbé àga wá.

“Ọmọ wa,” Bàbá Ìjọ ní, “a gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ni iná wà. Ìlú ní ká wá gbà á.”

Mo tẹ́ àwòrán ọ̀nà wáyà sórí tábìlì, mo ṣàlàyé fún wọn bí ẹni ń ṣàlàyé fún bàbá tó bí i. Mo ní ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kò gbé àwọn tó ń lò ó ní ìsinsìnyí. Bí a bá fa wáyà dé Ìlá lọ́dún yìí, Ìlá kò ní rí iná, àwọn tó ní in á sì pàdánù tiwọn. Mo ní ìjọba ti ra ẹ̀rọ titun, kí wọ́n ṣe sùúrù. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí bàbá mi bá jíǹde, ohun tí mo máa sọ fún un nìyẹn.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó gbé agbè ní, “Ó ṣì ń bínú.”

“Kì í ṣe ìbínú, bàbá. Agbára ni kò tó.”

“Àwa kò sọ pé o kò jàre,” Bàbá Ìjọ ní. “Ṣùgbọ́n ìlú kò lè wà lókùnkùn nítorí ìjà ọmọ ìyá. Ohunkóhun tó bá wà láàárín ìwọ àti Jòsáyà, a fẹ́ kó parí ní yàrá yìí. Jòsáyà, dìde. Sọ ohun tó yẹ kí àgbà sọ.”

Gbogbo wọn yíjú sí i. Àwọn tó ṣe àmín lọ́jọ́sí ló jókòó yí wa ká, àwọn tó kù láyé nínú wọn. Mo gbé gègé mi sílẹ̀.

Bùọ̀dá Jòsáyà dìde. Ó gbé etí agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó wú ikọ́ díẹ̀, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú àánú, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ó ní:

“Oyèníkẹ̀ẹ́, níwájú àwọn bàbá wa yìí, mo ti dárí jì ọ́.”